Ìjọba àti Àwọn Ẹgbẹ́ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti Ìgbà Parákòyí dé Ìgbà Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè fi òwe yìí bẹ̀rẹ̀ àròkọ lórí ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn òwe náà tí a kì í sábàá bi ara wa: nígbà tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ bá ti gbé ẹrù dé orí tán, ta ni ó ni ẹrù náà, ta sì ni ó ní ẹ̀tọ́ láti tú u wò?

Ìbéèrè yìí kan gbogbo wa, nítorí pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ilé-iṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mójú tó ìdàgbàsókè àdúgbò àti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbà pé ìjọba ni ó dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àròkọ yìí ni pé ẹgbẹ́ ti wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kí ọ́fíìsì ìjọba tó dé. Pé ọ́fíìsì ṣe rere níbi tí ó ti kọ́ ẹgbẹ́ ní ìwé owó, tí ó sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín. Àti pé yíyẹ ìwé wò kì í ṣe ẹ̀tọ́ ìjọba nìkan, nítorí pé ẹgbẹ́ kan ti yẹ ìwé ìjọba wò rí ní Abẹ́òkúta, ìlú sì mì.

Ẹgbẹ́ Kí Ọ́fíìsì Tó Dé

Nígbà tí Sódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan kó ètò ìṣàkóso tirẹ̀ wá. Àwọn Ògbóni wà fún ìdájọ́ àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àwọn Olóógun wà fún ogun, àwọn Ọdẹ wà fún ìṣọ́ àti ìdáàbòbò. Ẹ̀ka kẹrin ni ó kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ, èyí ni Parákòyí. Àwọn Parákòyí ni wọ́n ń rí sí ọjà àti òwò: wọ́n ń ṣe òfin ọjà, wọ́n ń parí aáwọ̀ láàrin àwọn oníṣòwò, wọ́n sì ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú. A lè sọ pé àwọn ni wọ́n dúró sí àárín ẹgbẹ́ àti ìjọba. Oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n sì tún jẹ́ olóyè. Ọ̀rọ̀ ọjà kò níláti rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó dé etí àwọn tí ń ṣàkóso.

Lẹ́yìn àwọn olóyè, àwọn gbáàtúù náà ní ọ̀nà tiwọn. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn, nítorí pé a máa ń kó wọn pọ̀. Àáró ni iṣẹ́ oko tí àwọn ẹgbẹ́ ń bá ara wọn ṣe ní yíyí-po: bí a bá ṣe ti èmi lónìí, a ó ṣe ti ìwọ lọ́la. Ọ̀wẹ̀ ni èyí tí ẹnì kan bẹ àwọn ènìyàn sí, bóyá láti kọ́lé tàbí láti ro oko, tí yóò sì fi oúnjẹ ṣe wọ́n lálejò. Èsúsú ni kí gbogbo ẹgbẹ́ dá iye kan náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì máa kó o ní tirẹ̀ bí ó bá kàn án. Àjọ ni owó tí oníkálukú ń fi sí ọwọ́ alájọ kan kí ó bá òun tọ́jú rẹ̀. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ka èsúsú mọ́ àwọn àṣà tí ó gbilẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Kí ni ó ń mú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe òótọ́ nígbà tí kò sí ìwé? Ohun mẹ́ta ni. Èkíní ni ojú tí wọ́n fi ń rí ara wọn lójoojúmọ́. Èkejì ni orúkọ ìdílé, tí ẹnì kan kì í fẹ́ bà jẹ́. Ẹ̀kẹta ni ìmùlẹ̀. Iye ènìyàn tí ẹnì kan lè mọ̀ délé-délé ni ó ń pa ààlà ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá tóbi ju èyí lọ, àfi kí wọ́n wá ohun mìíràn tí yóò máa ránni létí. Ohun náà ni ìwé.

Ìwé Wọ Inú Ẹgbẹ́

Ẹ̀gbá tètè mọ agbára ìwé. Ní Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní ọdún 1859. Ní ọdún 1865, George William Johnson àti àwọn ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn tí wọ́n ti òkè òkun padà wálé dá ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n pè ní Egba United Board of Management sílẹ̀, láti máa gba owó ibodè kí wọ́n sì mú ètò ìjọba bá ti ìgbàlódé mu. Ìgbìmọ̀ náà kò pẹ́ tí ó fi rẹ̀yìn, nítorí pé ìwé rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju àṣẹ rẹ̀ lọ: àwọn olóyè ìlú kò fi ọkàn kan gbà á. Ní ọdún 1898 ni Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá wá fìdí múlẹ̀ lábẹ́ Aláké Gbádébọ̀ Kìíní, ó sì wà títí ó fi di ọdún 1914 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira rẹ̀.

Láàrin àkókò yìí, àwọn àgbẹ̀ náà ń ṣe tiwọn. Ní ọdún 1907, Jacob Kehinde Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko sílẹ̀ ní Agége, èyí tí a mọ̀ sí Agege Planters' Union. Ẹgbẹ́ yìí ń gbìn kòkó, ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń gbìn ín, ó sì ń wá ọ̀nà tí àgbẹ̀ yóò fi rí owó gidi lórí ohun tí ó kórè. Kí ẹ fi ọdún yìí sọ́kàn: ó fi ọdún 28 ṣáájú òfin ìjọba tí ó kọ́kọ́ dárúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà.

Òfin tí ó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún ẹgbẹ́ aláìwá-èrè jáde ní ọdún 1924. Òfin náà fún ẹgbẹ́ ẹ̀sìn, ti ẹ̀kọ́, ti ìmọ̀ àti ti àánú láyè láti yan àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ilẹ̀ àti ilé ẹgbẹ́ yóò wà lórúkọ wọn. Ṣáájú ìgbà yìí, orúkọ ẹnì kan ni wọ́n sábàá fi ra ilẹ̀ ẹgbẹ́, bí onítọ̀hún bá sì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lè wí pé baba àwọn ni ó ni ín. Lábẹ́ òfin tuntun yìí, bí alámòójútó kan bá kú, a ó yan òmíràn rọ́pò rẹ̀, ilẹ̀ ẹgbẹ́ kò sì ní bá òkú lọ. Àǹfààní tí ẹgbẹ́ kò lè fún ara rẹ̀ ni èyí. Ìjọba nìkan ni ó lè fún un.

Òfin Ọdún 1935

Ní ọdún 1933, ìjọba amúnisìn pe C. F. Strickland wá sí Nàìjíríà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ti jẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà láti ọdún 1904. Ó rin ìrìn-àjò, ó wádìí, àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1934. Ní ọdún 1935, ìjọba ṣe òfin àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n sì yan ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní Rẹ́jísírà. E. F. G. Haig ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ oyè náà.

Agbára mẹ́rin ni irú òfin yìí ń fún Rẹ́jísírà. Òun ni yóò fi orúkọ ẹgbẹ́ sínú ìwé lẹ́yìn tí ó bá ti ka ìlànà ẹgbẹ́ náà tí ó sì fọwọ́ sí i. Òun ni yóò rán ènìyàn láti yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò lọ́dọọdún. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ tàbí tí owó bá sọnù, òun ni yóò ṣe ìwádìí. Bí ẹgbẹ́ bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, òun ni yóò tú u ká. Ẹni tí ó bá wo agbára wọ̀nyí dáadáa yóò rí i pé olùkọ́ àti adájọ́ ni a kó pọ̀ sínú ẹ̀wù kan ṣoṣo.

Ohun tí ó mú kí òfin náà so èso ni pé ìhà olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹra mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Rẹ́jísírà ń lọ sí abúlé láti jókòó pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ bí a ti í kọ owó tí ó wọlé sí apá kan àti owó tí ó jáde sí apá kejì. Àwọn ẹgbẹ́ olókòkó ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀, nítorí pé wọ́n lè kó ọjà wọn pọ̀ tà láìkọjá lọ́dọ̀ alágbàtà. Ní ọdún 1953, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ti ní báńkì tiwọn. Ẹni tí ó ti ń dá èsúsú tẹ́lẹ̀ kò rí nǹkan àjèjì nínú rẹ̀. Ìwé àti èdìdì nìkan ni a fi kún un.

Ẹgbẹ́ Tí Ó Yẹ Ìwé Ìjọba Wò

Bí a bá dúró síbi tí a dé yìí, ìtàn wa yóò dàbí ìgbà tí ìjọba jẹ́ olùkọ́ tí ẹgbẹ́ sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta láàrin ọdún 1944 àti ọdún 1949 yí ọ̀rọ̀ padà.

Arábìnrin Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé díẹ̀ ti ní ẹgbẹ́ kékeré kan, Abeokuta Ladies' Club. Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1944, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Ẹ̀kọ́ ìwé yìí ni ó bí ìbéèrè. Ìyá ọlọ́jà tí ó ti mọ bí a ti ń ka nọ́ńbà lórí ìwé owó-orí rẹ̀ yóò fẹ́ mọ ibi tí owó náà lọ. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta.

Lákòókò yìí, Aláké Adémọ́lá Kejì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe aláṣẹ kan ṣoṣo lórí ètò ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn obìnrin ń san owó-orí, ṣùgbọ́n wọn kò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀. Ẹgbẹ́ náà kọ ìwé ẹ̀hónú, ó sì gba oníṣirò owó láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Ohun tí Rẹ́jísírà ń ṣe fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni ẹgbẹ́ obìnrin ṣe fún ìjọba. Ní òpin ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jókòó sí iwájú ààfin. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún 1950 ni ó tó padà. Wọ́n fòpin sí owó-orí àwọn obìnrin, obìnrin sì wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí hàn gẹ́gẹ́ bí ìjà. Ìjà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí àwọn olùdánwò má gbàgbé pé ìwé ìṣirò owó ni ó ṣáájú orin àti ìwọ́de. Ẹgbẹ́ náà kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsì kankan kí ó tó yẹ ìwé wò. Bí ó bá jẹ́ pé Aláké ni ó ní agbára láti yan alága wọn tàbí láti tú wọn ká ni, ta ni ìbá bèèrè ibi tí owó lọ?

Pápálántò àti Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Àdúgbò

Láti rí bí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lóde òní, ẹ jẹ́ kí a jáde ní Abẹ́òkúta kí a gba ọ̀nà Èkó dé Pápálántò, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní ọdún 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Ṣàgámù àti ọ̀nà Ìláròó ti pàdé ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960 kò jìnnà sí i, ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Olórunṣògo náà sì wà níbẹ̀ láti ọdún 2007. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ la ojú irin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021, orúkọ Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni wọ́n fi sọ ibùdó ọkọ̀ ojú irin Pápálántò.

Ìlú oríta bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ ti ọmọ agbo-ilé kan ṣoṣo. Awakọ̀, ọlọ́jà, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, olùkọ́ àti àgbẹ̀ ni ó ń gbé papọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ ilé baba ara wọn. Ohun mẹ́ta tí ó ń ṣọ́ èsúsú nígbà àtijọ́ kò tó mọ́. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò fi wúlò.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, ìpínlẹ̀ tuntun náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ó jogún òfin àti iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì jogún àṣà ìran-ara-ẹni-lọ́wọ́ tí àwọn ìlú ti fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955. Ní ọdún 1986, ìjọba ológun àpapọ̀ dá àjọ DFRRI sílẹ̀ fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ní ìgbèríko. Àjọ náà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò kò bá a lọ. Ohun tí ará ìlú bá fi ọwọ́ ara wọn dì mú kì í bá ìjọba tí ó wọ̀ lọ.

Bí ètò náà ti ń rìn nìyí. Àwọn onílé àti àyálégbé yóò péjọ, wọn yóò yan alága, akọ̀wé àti akápò, wọn yóò kọ ìwé òfin, wọn yóò sì ṣí àkáǹtì ní báńkì. Òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ní ìjọba ìbílẹ̀ yóò wá wò wọ́n, yóò sì bá wọn fi orúkọ sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò yóò kóra jọ ní ìpele ìjọba ìbílẹ̀, wọn yóò sì ní ìgbìmọ̀ ní ìpele ìpínlẹ̀. Gọ́tà, afárá kékeré, ilé ìwòsàn, owó àwọn ọlọ́dẹ: ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ wọn.

Níhìn-ín ni ìbéèrè ẹrù orí wa ti padà wá. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Nàìjíríà ni ó ti dá owó ra tiransifọ́mà, tí ó sì di ti ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó mọ́ wáyà. Opó àti akúṣẹ̀ẹ́ dá owó, ilé-iṣẹ́ sì ń gba owó iná lórí rẹ̀. Ọ́fíìsì tí ó bá fẹ́ ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ní tòótọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ìwé-ẹ̀rí àti àsíá nìkan mọ. Ibi tí a ti ń kọ àdéhùn kí owó tó jáde ni ó yẹ kí ó ti kọ́kọ́ yọjú.

Ẹ̀rù Tí Ó Wà Níwájú

Láti ọdún 1990 ni òfin ilé-iṣẹ́ tuntun ti gbé iṣẹ́ òfin ọdún 1924 lé àjọ àpapọ̀ kan lọ́wọ́, Corporate Affairs Commission. Ní ọdún 2017, àbá òfin kan wà níwájú Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ tí ìbá fi gbogbo ẹgbẹ́ aláìwá-èrè sábẹ́ àjọ tuntun. Àwọn ẹgbẹ́ fi ohùn kan kọ̀ ọ́, kò sì di òfin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, òfin ilé-iṣẹ́ mìíràn jáde, abala 839 rẹ̀ sì la ọ̀nà tí a lè gbà dá àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ dúró kí a fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Ọ̀pọ̀ ìjọ àti ẹgbẹ́ ni ó figbe ta.

Àwọn tí ó gbèjà òfin náà ń tọ́ka sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àjọ tí ń mójú tó ẹgbẹ́ àánú ti wà láti ọdún 1853. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ará ìlú lè fi ojú ara rẹ̀ rí iye tí ẹgbẹ́ àánú gbà àti iye tí ó ná, nítorí pé gbangba ni ìwé náà wà. Ẹni tí ó bá gba àṣà ìdájọ́ láìgba àṣà ìmọ́lẹ̀ ti mú ẹyọ owó kan, ó gbàgbé ojú kejì. Kò sì yẹ kí a fi èyí dá ẹgbẹ́ láre pátápátá. Akápò tí kì í fi ìwé hàn, alága tí kò fẹ́ kí ọjọ́ ìbò pé, àwọn náà wà láàrin wa. Nítorí wọn ni èsúsú ṣe ń tú, nítorí wọn sì ni ìyẹ̀wéwò fi dára.

Àgbálọgbábọ̀

Láti inú ìtàn yìí, a lè fa iṣẹ́ mẹ́ta yọ fún ọ́fíìsì ìjọba tí a dá sílẹ̀ nítorí ẹgbẹ́. Kí ó fún ẹgbẹ́ ní ohun tí ẹgbẹ́ kò lè fún ara rẹ̀, bí orúkọ lábẹ́ òfin, gẹ́gẹ́ bí ti ọdún 1924. Kí ó kọ́ni kí ó tó dájọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ Rẹ́jísírà ti ṣe lẹ́yìn ọdún 1935. Kí ó sì ṣí ìwé tirẹ̀ náà sílẹ̀, kí ará Pápálántò lè mọ iye owó ìrànwọ́ tí ó jáde àti ẹgbẹ́ tí ó gbà á, nítorí pé ẹ̀kọ́ ọdún 1947 nìyẹn.

Iṣẹ́ kan wà fún àwa olùkọ́ náà. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ kékeré, tí akọ̀wé fi ọwọ́ kọ ní èdè Yorùbá, wà nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ ilé, ikán sì ń jẹ wọ́n. Nínú wọn ni a ó ti rí iye tí wọ́n dá, ẹni tí kò san, ìjà tí wọ́n parí, àti èdè tí wọ́n fi parí rẹ̀. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan rán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí ẹgbẹ́ kan ládùúgbò, kí wọ́n tọrọ àyè, kí wọ́n dà á kọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́. Ọ́fíìsì ìjọba ní ìwé tirẹ̀ nípa àwọn ẹgbẹ́. Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ náà ní ìwé nípa ara wọn.